Ìjì Òòfà Ayé àti Ìtànṣán Kọ́símíìkì: Ìbéèrè Tó Ń Wọlé Jù Láti Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn ìjì oòrùn bá jáde ni ìbéèrè kan náà máa ń wọlé láti Kàbbà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. A to ìdáhùn wọn síbí, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni ìtànṣán kọ́símíìkì gan-an?

Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Kóro átọ́ọ̀mù ni, tó ń sáré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá kan òfuurufú wa láti òde, bíi 90 jẹ́ próótọ́ọ̀nù (kóro háídírójìn), bíi 9 jẹ́ kóro hílíọ́ọ̀mù, ìyókù sì jẹ́ ti àwọn tó wúwo ju ìyẹn lọ, irin wà nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù ń wá láti ibi tí ìràwọ̀ ńláńlá ti bú gbàmù láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa yìí. Oòrùn náà máa ń ta tirẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ti oòrùn kì í sábà lágbára tó bẹ́ẹ̀. Victor Hess ló fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1912, nígbà tó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú bàlúùnù tó ga ju 5,000 mítà lọ, tó sì rí i pé bí òun ṣe ń gòkè ni ìtànṣán ń pọ̀ sí i. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1936.

Àwọn tó ti òde wá yìí kì í sábà dé ilẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n á kọlu afẹ́fẹ́ lókè réré, wọ́n á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa: múọ́ọ̀nù, niútírọ́ọ̀nù àti àwọn mìíràn. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín sókè báyìí: nǹkan bíi múọ́ọ̀nù kan ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Páànù kò dí i lọ́wọ́. Dẹ́kìn ilé alájà náà ń dá díẹ̀ dúró ni, kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìjì òòfà ayé ńkọ́? Ṣé ó jọ ìjì tó ń ṣí òrùlé?

Rárá, kò ní afẹ́fẹ́ nínú, kò sì ní ariwo. Oòrùn ló máa ń tú ìdì gáàsì gbígbóná ńlá jáde nígbà mìíràn, tòun ti òòfà tó wà nínú rẹ̀. CME ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó lè máa sáré 300 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè tó 3,000. Bó bá dojú kọ wá, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló máa ń lò lójú ọ̀nà. Èyí tó dé ní oṣù kẹsàn-án 1859 kò lò ju wákàtí 17 àti ààbọ̀ lọ.

Bí òòfà inú CME náà bá dorí kọ gúúsù, yóò so mọ́ òòfà ayé wa, agbára oòrùn á sì ráyè wọlé. Iná mànàmáná ńlá á máa ṣàn yí ayé ká lókè, èyí á sì dín òòfà tó wà nílẹ̀ kù. Iye tó bá fi dínkù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ bíi Dst, nanotesla ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ní oṣù kẹta 1989 ó lọ sílẹ̀ dé −589. Nínú ìjì yẹn ni iná kú ní Quebec, ní Kánádà, fún wákàtí mẹ́sàn-án, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn sì wà lókùnkùn. Ti oṣù karùn-ún 2024 kọjá −400. Òòfà ayé ní àgbègbè wa tó nǹkan bíi 33,000 nanotesla, nítorí náà ìjì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kúrò níbẹ̀. Ẹ rántí iye yìí, ó máa wúlò níwájú.

Wọ́n ní kí a pa fóònù láti agogo 12:30 sí 3:30 òru nítorí ìtànṣán tó ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni, ó ti pẹ́ tó ti ń káàkiri WhatsApp. Wọ́n á lẹ orúkọ NASA tàbí BBC mọ́ ọn, wọ́n á ní ìtànṣán láti Mars ń bọ̀ lóru òní, kí ẹ gbé fóònù jìnnà sí ara. Wọn kì í kọ ọjọ́ sí i, kí ó lè máa bá gbogbo alẹ́ mu.

Mars kì í ta ìtànṣán kọ́símíìkì. Fóònù kì í fà á mọ́ra, ì báà wà ní títàn, ì báà wà ní pípa. Ìtànṣán náà kò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, gbogbo wákàtí ló ń dé. Ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹbí.

Bí ìjì òòfà bá dé, ṣé ìtànṣán tó ń kan ayé máa ń pọ̀ sí i?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ó máa ń dínkù. CME tó ń bọ̀ gbé òòfà tirẹ̀ dání, òòfà náà sì ń rú sókèsódò níwájú rẹ̀ níbi tó ti ń ti afẹ́fẹ́ oòrùn. Ìtànṣán tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kò rí ibẹ̀ gbà bó ṣe fẹ́. Ní gbogbo àkókò tí ayé bá fi wà nínú ìdì yìí tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀nba ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Scott Forbush, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ ní ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush.

Bí ẹ bá wo àwòrán rẹ̀ lórí pépà, ẹ óò rí i pé ó já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń já: ẹ̀kíní nígbà tí iwájú tó ń rú yẹn bá kọjá, ẹ̀kejì nígbà tí ìdì náà gan-an bá dé. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gòkè padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó lè lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ju 3% sí 10% lọ. Ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2003 tó nǹkan bíi 20% ní àwọn ibùdó tó wà nítòsí òpin ayé, ìyẹn ìpẹ̀kun àríwá tàbí gúúsù.

Niútírọ́ọ̀nù mọ́nítọ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á, John Simpson ló ṣe é ní 1948. Òjé ló yí àwọn ọ̀pá tó ń ka niútírọ́ọ̀nù ká, kí niútírọ́ọ̀nù kan tó wọlé lè sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Láàárín òjé àti ọ̀pá ni ike kan wà tó ń dín eré wọn kù, nítorí ọ̀pá kì í rí èyí tó bá ń sáré jù.

Mo kà á níbì kan pé ìjì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ìtànṣán. Èwo ni ká gbà?

Ẹ gba méjèèjì. Ohun méjì tó ń fa ara wọn ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dàrú.

Òòfà ayé ń tẹ ipa ọ̀nà gbogbo próótọ́ọ̀nù tó ń bọ̀. Èyí tí kò bá lágbára tó, yóò yí i padà sí òde. Ẹ mú un bí owó ibodè: ìlú kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, ẹni tí kò bá ní tó iye náà lọ́wọ́ kò ní wọlé. GV (gígáfóòltì, ìwọ̀n bó ṣe ṣòro tó fún òòfà láti tẹ ipa ọ̀nà próótọ́ọ̀nù) ni wọ́n fi ń ka owó yìí. Carl Størmer, ará Norway, ló ṣe ìṣirò tó rọrùn jù fún un: 14.9 lọ́nà cos⁴ ìwọ̀n bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí agbedeméjì òòfà (ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì, àríwá àti gúúsù). Ní agbedeméjì gan-an, 14.9 GV ni. Ní ìwọ̀n 30 (díìgírì) ó di bíi 8.4. Ní ìwọ̀n 60 kò pé 1.

Nígbà ìjì, òòfà ayé á rẹ̀ díẹ̀, owó ibodè á wálẹ̀, àwọn tí wọ́n ti ń dá padà tẹ́lẹ̀ á rí ọ̀nà wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀, CME ń dín ìtànṣán kù lóde, ìjì sì ń fi díẹ̀ kún èyí tó ń wọlé. Ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush ló sábà ń borí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń lò, nígbà tí ilẹ̀kùn kì í ṣí ju ìwọ̀nba wákàtí tí ìjì fi gbóná lọ. Àmọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2003, ìjì kan le débi pé àwọn ibùdó bíi Rome àti Athens rí i pé ìtànṣán gòkè ní kedere ní àárín ìjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ó ti hàn jù: kì í ṣe òpin ayé, kì í ṣe agbedeméjì, àárín méjèèjì ni. Ní òpin ayé, owó ibodè ti kéré tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń dá èyí tí kò tó nǹkan bíi 1 GV dúró. Bí òòfà bá tilẹ̀ rẹ̀ síi, kò sí ohun tuntun tí yóò dé ilẹ̀.

Èló wá ni owó ibodè tiwa?

Nǹkan bíi 14 GV. Agbedeméjì òòfà kò bá ti ilẹ̀ mu. Ní Nàìjíríà, àríwá orílẹ̀-èdè yìí ló gbà kọjá, kò sì jìnnà sí wa. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja ní Kàbbà, tí kò tẹ orí bọlẹ̀ bíi ti Yúróòpù.

Kí ẹ lè fi wé ibòmíràn: Oulu ní Finland kò pé 1, Hermanus ní South Africa jẹ́ nǹkan bíi 4.6, Tsumeb ní Namibia jẹ́ nǹkan bíi 9. Ibùdó Doi Inthanon ní Thailand dé 16.8 nítorí pé òòfà ayé kò wà ní àárín gbùngbùn déédéé, ìhà Éṣíà ló ti lágbára jù ní agbedeméjì. Jacob Clay ti kíyè sí i ní 1927, nígbà tó ń wọkọ̀ ojú omi láàárín Java àti Netherlands, pé ìtànṣán ń dínkù bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì ayé.

Àwa nìyí lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ibodè tó wọ́n jù láyé. Ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush tiwa kì í tó ti òkè àríwá, nítorí próótọ́ọ̀nù tó bá ti lé ní 14 GV le jù fún òòfà CME láti yí dànù lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ti Oulu bá fi 10% já wálẹ̀, tiwa lè jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ibodè náà kì í sì í wálẹ̀ púpọ̀ nígbà ìjì. Ẹ rántí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹn.

Oòrùn fúnra rẹ̀ ń ta ìtànṣán. Ṣé ìyẹn ń dé ọ̀dọ̀ wa?

Kì í sábà dé. Próótọ́ọ̀nù oòrùn tó pọ̀ jù kò tó 1 GV, ibodè 14 kò sì gbà wọ́n wọlé. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí ìjì ńlá ń lọ lọ́wọ́, oòrùn ta irú èyí tó lágbára débi pé ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ní òpin ayé rí i. Wọ́n rí ìrẹ̀sílẹ̀ àti ìgòkè pọ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tó burú jù láti ìgbà tí niútírọ́ọ̀nù mọ́nítọ̀ ti wà ni ti ọjọ́ 23 oṣù kejì 1956. Ìyẹn ní tirẹ̀ lágbára débi pé wọ́n rí i ní agbedeméjì ayé pàápàá.

Mo fẹ́ wọ bàálù nígbà tí wọ́n ní ìjì wà. Ṣé kí n sún un síwájú?

Nítorí ìtànṣán? Má sún un. Láti Àbújá sí Èkó, nǹkan bíi wákàtí kan, ohun tí ara yóò gbà kò ju microsievert (ìwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà) 2 sí 3 lọ. Láti Èkó sí London ó tó nǹkan bíi 20. Ohun tí ara ènìyàn ń gbà láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òkè ọ̀run lápapọ̀ láyé jẹ́ bíi 2,400 lọ́dún. Nígbà ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush, ẹni tó wà lókè ń gbà tó kéré sí ti ọjọ́ mìíràn.

Ọkọ̀ tó ń gba òpin àríwá ayé kọjá ló ní ìṣòro, bí oòrùn bá ta tirẹ̀ lásìkò náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú máa ń yí ọ̀nà wọn padà nígbà yẹn, nítorí ìtànṣán àti nítorí rédíò tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó lọ́sẹ̀ tí ìjì wà. Ṣé òun ló fà á?

Kò dájú rárá. Wáyà gígùn tó ń gbé iná ńlá kọjá ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ní ibi tó sún mọ́ òpin ayé, ni ìjì ń bá jà. Tiransifọ́mà àdúgbò sábà máa ń jó nítorí ẹrù iná tó pọ̀ jù, epo inú rẹ̀ tó gbẹ, tàbí àrá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín láti ibẹ̀.

GPS wa ń ṣi ilẹ̀ wọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé ìtànṣán kọ́símíìkì ni?

Òun kọ́, àmọ́ oòrùn lọ́wọ́ sí i. Lágbedeméjì ayé, bí oòrùn bá ti wọ̀, ìpele òfuurufú tó ní iná lára máa ń dàrú, ihò ńlá á máa lu inú rẹ̀, àmì sátẹ́láìtì á sì máa ṣẹ́jú bó bá ń gba ibẹ̀. Láti nǹkan bí agogo 7 alẹ́ títí di òru ni ó burú jù, pàápàá ní oṣù kẹta sí kẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí kẹwàá, ní ọdún tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìjì òòfà lè mú un le sí i, ó sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Wákàtí tí ìjì náà bá bọ́ sí ló ń pinnu.

Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú RTK (GPS tó ń wọ̀n ọ́n dé sẹ̀ǹtímítà) ní Ìyàgbà àti Ìjùmú, ẹ ṣe iṣẹ́ tó nílò sẹ̀ǹtímítà láàárọ̀. Bó bá di dandan kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ wọn ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán wà láàárín wọn. Bí àbájáde kò bá bára mu, ẹ kó irinṣẹ́ dà sínú ọkọ̀, ó di ọ̀la. Ilé ìwádìí òfuurufú ti NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ òfuurufú, tó ń wo irú nǹkan yìí kò jìnnà sí wa, Ànyìgbá ló wà, ní òdìkejì Ọya.

Ṣé ó lè yí òjò tàbí ìkórè padà?

Àwọn kan ti dábàá pé ìtànṣán ń bá kùrukùru dá ara rẹ̀ sílẹ̀, CERN, ilé ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, sì ti ṣe ìdánwò gígùn lé e. Ohun tí wọ́n rí kò tó ohun tí yóò ṣí òjò lọ́wọ́. Bí iṣu kò bá ta, ẹ wo ilẹ̀ àti èbù.

Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush ní Kàbbà?

Ó ṣeé ṣe, bí sùúrù bá wà. Ẹ wá pálá ike síńtílétọ̀ (ike tó ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bí múọ́ọ̀nù bá gba inú rẹ̀ kọjá) méjì, sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti òró, sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìnípọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní SiPM, ojú kékeré tó ń rí ìmọ́lẹ̀ náà, lára. Ẹ fi fóìlì wé e, lẹ́yìn náà ẹ fi téèpù dúdú wé e lé e. Ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, kí kọ̀ǹpútà kékeré sì ka kìkì èyí tó bá gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé àpáta àgbègbè wa ń ta ìtànṣán tirẹ̀, pálá kan ṣoṣo yóò máa ka ti òkúta mọ́ ti ọ̀run.

Ká ní ẹ rí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan ó jẹ́ 4,800, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ bíi 1.4%. Ní ọjọ́ kan ó jẹ́ 115,200, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 0.3%. Ìrẹ̀sílẹ̀ tó jẹ́ 1% sí 2% ní ibí yìí kò ní hàn lórí wákàtí, yóò hàn lórí ọjọ́. Ẹni tó bá ń wo wákàtí yóò máa rí ohun tí kò sí.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́. Bó bá fi hPa 1 (hẹkitopasíkà, ìwọ̀n ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́) pọ̀ sí i, múọ́ọ̀nù á dínkù ní nǹkan bíi 0.15%. Níhìn-ín, ìtẹ̀sí máa ń gòkè ní nǹkan bí agogo 10 àárọ̀ àti 10 alẹ́, ó máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ àti 4 ìdájí, ìyàtọ̀ náà sì tó hPa 2 sí 3. Ẹ óò rí ìgbì kan tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ ó rò pé oòrùn ni. Ẹ so BMP280, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́, mọ́ ẹ̀rọ náà, ẹ ya àwòrán iye múọ́ọ̀nù àti ìtẹ̀sí fún oṣù kan tí ìjì kò sí, ẹ fi wá iye ti ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò.

Ooru ló tẹ̀ lé e. SiPM máa ń yí ìwà padà bí yàrá bá gbóná, ìdájí ọyẹ́ àti ọ̀sán gangan kì í fún un ní iye kan náà. Ẹ gbé e sí yàrá tí oòrùn kì í ràn sí, tó ní sílìn. Ẹ lo bátìrì fóòltì 12, ẹ má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ tààrà, ariwo iná rẹ̀ máa ń di iye èké. Bí iná bá lọ, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹ má fi ìfojúdá dí i. Kí aago ẹ̀rọ sì jẹ́ UTC, nítorí òun ni àwọn ibùdó ayé ń lò. Wákàtí kan ni aago wa fi ṣíwájú rẹ̀. Ìjì ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2024 tí wọ́n kọ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 17:05, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni lọ́dọ̀ wa.

Ìjì lágbára, ìtànṣán kò dínkù. Ìgbà mìíràn ó dínkù, ìjì kò sí. Kí ló dé?

Ohun tó ń fa ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tó ń fa èkejì. Ìjì ń dúró de òòfà tó dorí kọ gúúsù. Bí ìdì náà bá dorí kọ àríwá, ìjì kì í le. Ìrẹ̀sílẹ̀ Forbush kò bìkítà fún àríwá tàbí gúúsù. Bí ìdì náà ṣe tóbi tó, bí òòfà rẹ̀ ṣe le tó, bó ṣe ń sáré tó, ni ó ń wò. Ẹ̀bá ìdì tún lè kàn wá kọjá lásán, kí ìtànṣán dínkù díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì má tilẹ̀ mì.

Ìtànṣán tún máa ń fúnra rẹ̀ ṣe ìkìlọ̀. Àwọn ẹ̀rọ múọ́ọ̀nù tó ń wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi ti Nagoya ní Japan àti Hobart ní Ọsirélíà, máa ń rí i nígbà mìíràn pé ìtànṣán láti apá kan ti ń dínkù ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú kí ìjì tó dé. Ẹ̀yìn CME ni ìtànṣán apá yẹn ti ń bọ̀, ibẹ̀ sì ti ṣófo. Sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ oòrùn ní mílíọ̀nù kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí wa kì í sábà fún wa ju ìṣẹ́jú 15 sí 60 lọ.

Tí ìjì bá ń wá lé ara wọn lórí fún ọdún púpọ̀, ṣé ìtànṣán á máa dínkù lọ bẹ́ẹ̀?

Ó ń dínkù, ó sì ń padà, ní nǹkan bí ọdún 11 ọdún 11. Nígbà tí oòrùn bá ń ṣiṣẹ́ gan-an, òòfà tó tú kálẹ̀ láti ara rẹ̀ á máa dí ọ̀nà fún ìtànṣán ìràwọ̀. Ní òpin ayé, ìyàtọ̀ láàárín ọdún tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù tó nǹkan bíi 20%. Lẹ́yìn ibodè 14 GV, ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyípadà yìí pẹ̀lú pálá méjì ní Kàbbà ní láti tọ́jú ẹ̀rọ kan náà, ní yàrá kan náà, fún bí ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí ó má sì pààrọ̀ SiPM rẹ̀ láàárín.